Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Àgbà Fẹ́ Wẹ Ẹsẹ̀

Ká ní ẹnu ni wọ́n fi ń fọ aṣọ, iléeṣẹ́ ìfọṣọ ìjọba kì bá tí ra ọṣẹ mọ́ láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Àgbà ti jókòó lé àga níbẹ̀. Ibẹ̀ ni aṣọ ibùsùn gbogbo ilé ìwòsàn ìlú ń wá, òun àti aṣọ tábìlì ilé àlejò ìjọba. Nísàlẹ̀, ìkòkò ńláńlá ń hó, ẹ̀rọ ń yí, omi ọṣẹ àti omi bílíìsì tí ń sọ aṣọ di funfun ń ṣàn lórí sìmẹ́ńtì, ó ń gba àárín ìka ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kọjá. Lókè, Ọ̀gá Àgbà ń sọ̀rọ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ẹnìkan bá wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dìde, yóò tún ọrùn aṣọ ṣe, yóò ní, "Kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí arákùnrin yìí ń bèèrè. Àwọn baba wa bèèrè ilẹ̀, àwọn ìyá wa bèèrè ọmọ, ṣùgbọ́n ìran tiwa yìí, kọ́kọ́rọ́ ló ń bèèrè." Ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sórí ìlẹ̀kùn ọ̀run, yóò bọ́ sórí ìlẹ̀kùn ọkàn, nígbà tó bá sì fi padà sórí ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹni tó wá gba kọ́kọ́rọ́ kò ní nílò rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn-Gígùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, "Ẹnu tí ń fọ ayé" ni wọ́n ń kí i, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa kí òun bẹ́ẹ̀.

Ó ní akọ̀wé kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣe "hẹ̀n-ẹ́n" níbi tí Ọ̀gá bá ti mí. Áńkáṣíìfù méjì ló wà lápò ọkùnrin náà, ọ̀kan fún òógùn, ìkejì fún ẹkún. Bí Ọ̀gá bá ti gbójú sókè wo àjà, Akọ̀wé á ti mọ̀ pé ibi tó ń pani lẹ́kún ti dé, á sì fa ìkejì yọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì fi Akọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá gba ipò gan-an ló ṣe òfin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Wọ́n gbé ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ iléeṣẹ́ sí lórí wá fún un. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ korò, ó sì fi ìka tọ́ àwọn àmì tín-ín-tín tó wà lórí lẹ́tà àti lábẹ́ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Àmì ni sà," Akọ̀wé dáhùn. "Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dàrú mọ́ èkejì."

"Iléeṣẹ́ ìfọṣọ ni wá. Iṣẹ́ wa ni kí á mú àbàwọ́n kúrò lára ohun gbogbo. Ṣé lára lẹ́tà tiwa wá ni àbàwọ́n ó kù sí?"

"Hẹ̀n-ẹ́n," Akọ̀wé wí.

Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà kankan kò ní àmì mọ́ ní iléeṣẹ́ ìfọṣọ. Wọ́n kọ "OKO" sára ọkọ̀ tí ń kó aṣọ, àwọn ènìyàn sì ń dá dírẹ́bà dúró lójú ọ̀nà pé kó gbé àwọn dé oko. Ọ̀gá pe òfin náà ní Àtúnṣe Ńlá Àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó rántí Ìkejì, bóyá torí pé kò sí.

Ìyàwó Ọ̀gá jẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ohun tó ń kọ́ wọn ni bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti àmì inú ẹ̀sìn ṣe ń mú àwùjọ yí padà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá dúró níwájú pátákó, ẹ ó gbàgbé pé ẹ fẹ́ lọ sílé. Yóò sọ bí àwọn ẹrú ṣe ń kọrin odò tí wọ́n fẹ́ sọdá, tí olówó wọn rò pé odò ọ̀run ni, tó sì jẹ́ pé odò ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fẹ́ gbà sá lọ ni. Yóò sọ bí ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù ṣe ń fi èjìká kan èjìká lórí ìlà ìrun kan náà, tí mẹ̀kúnnù á sì dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè lọ́kàn. Ọ̀gá a máa lọ gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì, yóò fi ìdùnnú gbọ́ apá àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bí àmì ṣe lágbára tó. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun á gbé e lọ. Apá kejì ló máa ń pàdánù, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń sọ pé ìlérí ni àmì jẹ́, ẹni tó bá gbé e sókè lójú ayé, ayé á ní kó mú un ṣẹ.

Ẹ kò rí i pé ewu ńlá ni ìdajì ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò kàwé rárá máa ń bèèrè nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìkòkò gòkè wá sí ọ́fíìsì. Òun ni olórí àwọn obìnrin tí ń se aṣọ nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó rọra ń tẹ ilẹ̀ bí ó ṣe ń bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Omi bílíìsì yẹn ń jẹ wá lẹ́sẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wa ò lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lọ sóde mọ́. Bàtà rọ́bà la wá tọrọ."

Ọ̀gá dìde. "Bàtà," ó wí. "Nígbà tí Mósè dé iwájú igbó tó ń jó tí kò run, kí ni Olúwa sọ fún un? Ó ní, bọ́ bàtà rẹ. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí, ta ní ń wọ bàtà débi ìrun? Ìyá, ibi tí ẹ dúró sí nísàlẹ̀ yẹn, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ọwọ́ mi kọ́ ni wọn ó ti fi bàtà sọ ọ́ di àìmọ́."

"Mósè ò fọ aṣọ níbẹ̀, sà," Ìyá Ìkòkò wí.

"Hẹ̀n-ẹ́n," Akọ̀wé wí, kó tó rántí pé kì í ṣe Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn, nítorí onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, kò sì mọ̀ pé wọ́n lè fi Ọlọ́run tí òun ń sìn gba bàtà lọ́wọ́ òun.

Kò pẹ́ ni ìròyìn dé pé àga Olùdarí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba ti ṣófo, pé Mínísítà fúnra rẹ̀ ń lọ káàkiri láti wo ẹni tí yóò gbé sórí rẹ̀. Orí Ọ̀gá wú. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga náà lójú àlá, kódà ó ti ń bá àwọn tó wà nínú àlá náà sọ̀rọ̀. Ohun tó kù ni kí Mínísítà rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ débi ẹkún.

"Mo fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ wọn," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ, "lójú Mínísítà. Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Kò sí ẹni tí yóò rántí bàtà mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ fún àwọn ènìyàn ní bàtà."

"Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ pé àmì lágbára."

"Ẹ ò gbọ́ ọ tán. Ẹ sùn."

"Mo dijú ni, kí ọ̀rọ̀ lè wọ̀ mí lára."

"Ó dáa. Bí ẹ bá máa ṣe é náà, ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ fọ ẹsẹ̀. Bí ẹ ṣe ń kọ̀wé láìsí àmì yìí, 'wẹ' yẹn á kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́."

"Fọ̀?" Ọ̀gá ta kété sẹ́yìn. "Aṣọ ni à ń fọ̀. Abọ́ ni à ń fọ̀. Wẹ̀ ló wà nínú Ìwé Mímọ́. Ṣé o fẹ́ kí Mínísítà rò pé mò ń fọ ẹsẹ̀ ènìyàn bí ẹni ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ mú ṣíbí rẹ̀. Ó ti bá a gbé pẹ́, ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun jẹun.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ orí pátákó kalẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, ó mọ́ tónítóní, kò sí àmì kan lára rẹ̀:

NI OJO ETI, OGA AGBA YOO WE ESE GBOGBO OSISE. KI ONIKALUKU MU ESE TIRE WA. KI ENIKENI MA FI ESE KANKAN PAMO, BO TI WU KO DOTI TO.

Àwọn òṣìṣẹ́ péjọ sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ni àbí ẹ̀ṣẹ̀?" obìnrin kan tí ń ká aṣọ bèèrè.

"Ìwọ náà rò ó," Dírẹ́bà dá a lóhùn. "Wọ́n ní kí oníkálukú mú tirẹ̀ wá. Ta ló ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ nílé wá síbi iṣẹ́? Wọ́n tún ní ká má fi ìkankan pamọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Ọ̀gá fẹ́ wẹ ẹ̀ṣẹ̀?" Ìyá Ìkòkò ní. "Ta ló fún un láṣẹ?"

"Ẹni tó sọ ilẹ̀ olómi yìí di ilẹ̀ mímọ́, kí ló kù tí kò lè ṣe?" Dírẹ́bà dáhùn.

Wọ́n bi Akọ̀wé bó ṣe ń kọjá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ṣẹ̀ ni Ọ̀gá ní lọ́kàn, àbí?" Akọ̀wé, tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tó wúwo wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bẹ nísàlẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe nítorí pé Ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe é. Dírẹ́bà ní tirẹ̀ kì í sùn dáadáa mọ́. "Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí n sọ ọ́ ní gbangba kí ọkàn àwa méjèèjì lè fúyẹ́," ó wí, "ta ni èmi tí n ó kọ̀?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Àwọn kan tilẹ̀ gbààwẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n to àga. Mínísítà jókòó níwájú, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí tó yẹ kó ti ba Ọ̀gá lẹ́rù. Ìyàwó Ọ̀gá wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí Ọ̀gá ní kó kó wọn wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá wọlé nínú ẹ̀wù funfun gbọọrọ. Ẹ̀wù náà dára níwájú. Lẹ́yìn, nítorí pé aṣọ ibùsùn ni wọ́n fi rán an, òǹtẹ̀ kan hàn ketekete níbi ìdí: ILE IWOSAN IJOBA, MA SE GBE JADE.

"Kí ni ipò?" Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. "Eruku ni. Kí ni àga? Igi ni. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mo ga tó báyìí, tí mo kàwé tó báyìí, tí aṣọ yẹ mí tó báyìí, mo rẹ ara mi sílẹ̀ lónìí, ìrẹ̀lẹ̀ mi sì tóbi débi pé kò sí ìrẹ̀lẹ̀ ẹnìkan tó lè tó tèmi ní gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba."

"Hẹ̀n-ẹ́n," Akọ̀wé wí. Áńkáṣíìfù kejì ti jáde.

Ọ̀gá kúnlẹ̀ nídìí báàsìnì kan tí wọ́n da lọ́fíńdà sí. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ka òǹtẹ̀ náà. Ó na ọwọ́ sí Ìyá Ìkòkò, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ jáde.

"Ìyá, ẹ gbé e wá. Ẹ má tijú. Bó ti wù kó burú tó, èmi yóò wẹ̀ ẹ́."

Ìyá Ìkòkò kúnlẹ̀ ní òdì kejì báàsìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Gbogbo rẹ̀ sà?"

"Gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì wá."

"Ó ju méjì lọ, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Mínísítà, ó rò pé obìnrin náà ń ṣàwàdà ni. Ìyá Ìkòkò di ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá ní ká máa fi omi lásán fọ aṣọ ilé ìwòsàn, kí ọṣẹ lè tó fún ti ilé àlejò, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹni ńlá ń sùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bèèrè, mo ní ọṣẹ tuntun tí kì í rùn ni. Àwọn aláìsàn ń sùn lórí rẹ̀. Ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́rùn mi, sà, ó ń dà mí láàmú."

"Àmín," àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn.

Ọ̀gá la ẹnu. Kó tó rí gbólóhùn mú, Dírẹ́bà ti dé, ó ti kúnlẹ̀, ó ti ń sọkún.

"Bàtà rọ́bà tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa," ó wí, "èmi ni mo gbé e. Ọ̀gá ní kí n kó o lọ sí ọgbà adìẹ àna wọn. Àwọn tí ń kó ìgbẹ́ adìẹ ló ń wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ẹsẹ̀ Ìyá Ìkòkò, mi ò sì lè sọ̀rọ̀."

Ìyá Ìkòkò la ojú, ó yíjú sí Dírẹ́bà. Wọ́n ti ní bàtà. Ó ti wà tẹ́lẹ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yà lọ sọ́dọ̀ adìẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ohùn kan wí láti ẹ̀gbẹ́, bí àṣà. Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó kúnlẹ̀ ti àwọn yòókù. "Èmi náà ní tèmi," ó wí. "Ẹkún tí mò ń sun, àlùbọ́sà ni. Inú áńkáṣíìfù ló wà."

"Ẹsẹ̀ ni mo kọ," Ọ̀gá kígbe, "ẹsẹ̀, ti ìrìn, mi ò pe ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹ wo pátákó, ẹ kà á dáadáa."

"A kà á sà," obìnrin tí ń ká aṣọ wí. "Kò sí àmì lábẹ́ rẹ̀."

Lọ́wọ́ ẹ̀yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ọ́ sí ìyàwó Ọ̀gá létí. "Mà, ṣé bí wọ́n ṣe ń lo àmì nìyí?"

Ojú ń ti obìnrin náà, ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni. "Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni kí o máa wò," ó wí. "Àwọn ló gbà á gbọ́."

Mínísítà dìde. "Ẹsẹ̀ lẹ kọ," ó sọ fún Ọ̀gá. "Ó dáa. Ẹsẹ̀ náà dà?"

Wọ́n gbé àga fún Ìyá Ìkòkò. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú. Àárín ìka rẹ̀ ti bó, ó funfun, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ níbi gìgísẹ̀ tó là. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú tó lè wò ó pẹ́.

"Ẹ wẹ̀ ẹ́," Mínísítà wí.

Ọ̀gá mú ẹsẹ̀ náà, ó rì í bọ omi. Lọ́fíńdà wọ ojú egbò. Ìyá Ìkòkò fà á sẹ́yìn, ó pa eyín pọ̀. "Ó ń ta mí, sà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," Ọ̀gá wí.

Òun ni gbólóhùn tó kúrú jù tí ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó dé inú rẹ̀, ó kéré tán fún ìwọ̀nba ìgbà tí ó gbé ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí Mínísítà láti wò ó bóyá ó gbọ́.

Mínísítà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí Dírẹ́bà lọ kó bàtà wá láti ọgbà adìẹ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí ọṣẹ wọ aṣọ ilé ìwòsàn, ó sì ní kí Akọ̀wé kọ ìwé pé kí Ọ̀gá Àgbà kó ẹrù rẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́. Gbogbo àmì ló fi sí i, lórí àti lábẹ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ ó rò pé Ọ̀gá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ìkòkò àti ẹ̀rọ, ibi tí kò tẹ̀ rí, pẹ̀lú bàtà aláwọ dúdú tí wọ́n nù fún un, kó lè fi ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀. Ìran tí ń bọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ náà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ìdágbére?"

"Ẹ kúrò lójú ọ̀nà omi, sà," Ìyá Ìkòkò ké sí i láti ìdí ìkòkò. "A fẹ́ da èyí nù."

"Omi," Ọ̀gá wí, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yìí sọ. Kí ni omi?"

Wọ́n ti ṣí ojú ìkòkò. Omi bílíìsì ṣàn wá, ó wọ bàtà aláwọ, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó sì kan àárín ìka. Ọ̀gá pariwo. Ó fò gun orí àpótí ọṣẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di páìpù mú, ó sì dúró síbẹ̀ kí omi lè lọ tán, ṣùgbọ́n ìkòkò tó kù ṣì pọ̀. Níwájú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi bàtà rọ́bà la omi kọjá, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, aṣọ tútù lọ́wọ́ wọn. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àpótí náà á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìdúró, sà," á sì kọjá lọ.